Ohun Tí Mo Jẹ Kí N Tó Sáré Lọ sí Ìfọ́n

Ẹ bi ẹnikẹ́ni ní Ìlobù, wọn á sọ fún yín pé kò sí ọkùnrin tó ti ju àádọ́ta ọdún lọ ní ìlú yìí tó lè bá mi sáré láàárọ̀ láti ẹnu ọ̀nà mi dé Ìfọ́n kó má mí hẹlẹhẹlẹ. Èmi kì í parọ́, ó sì ti pẹ́ tí mo ti dẹ́kun ìtìjú lórí ohun tí Ọlọ́run fún mi. Bí a bá ti kírun àsùbáà tán, ojú títì ni mo wà, pẹ̀lú ṣòkòtò péńpé àti bàtà kan tí ìsàlẹ̀ rẹ̀ ti fẹ́ jẹ tán. Àwọn ọ̀dọ́ tí wọ́n wọ bàtà tó ń tàn yinrin, tí wọ́n de aago tó ń ka ìṣísẹ̀ mọ́ ọwọ́, ẹ̀yìn mi ni wọ́n máa ń wò lọ. Bí wọ́n bá wá bá mi níbi tí mo ti ń nara lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà, ìbéèrè kan náà ni: "Bàbá, kí lẹ máa ń jẹ kí ẹ tó jáde?" Ọ̀kan ní fóònù òun sọ pé ọ̀gẹ̀dẹ̀ ni. Ọ̀kan ń mu ohun inú agolo kan tó máa ń jẹ́ kí ojú rẹ̀ ranjú bíi ti ológbò. Ọ̀kan ní òun kì í fi nǹkan kan kan ẹnu, pé ebi ló ń yọ́ ọ̀rá. Mo máa ń rẹ́rìn-ín ni. Ìwé mẹ́fà ni mo kà, n kò sì dúró gba èsì rẹ̀. Pákó ni mo ń tà. Ṣùgbọ́n tó bá di ọ̀rọ̀ ikùn àti ẹsẹ̀, kò sí ẹni tó lè rọ́ mi sẹ́yìn. Ẹ̀kọ kan ni, kì í ṣe méjì. Kí a fi omi gbígbóná yọ́ ọ, kí ó má ní mílíìkì, kí ó má ní ẹran, kí a sì jẹ́ kó wálẹ̀ kí a tó gbéra. Ìyẹn ni mo máa ń sọ fún wọn. Bí mo ṣe mọ̀ ọ́n ni n kì í sọ lójú títì, nítorí pé ọ̀rọ̀ náà gùn, ó sì gba pé kí èèyàn jókòó. Ọdún kan wà tí mo jẹ ju bẹ́ẹ̀ lọ, tí mo sì sá eré kan tí ẹnikẹ́ni kò tíì sá irú rẹ̀ rí ní ìlú yìí.

Agbo ilé wa wà lẹ́bàá ọ̀nà tó lọ sí Ìfọ́n. Àgbẹ̀ ni bàbá mi, iṣu àti àgbàdo ló ń gbìn, ìyàwó méjì ló sì ní. Ìyálé ni Ìyá Múfú, ọmọ Ìfọ́n, obìnrin gíga tí ọ̀rọ̀ kì í pọ̀ lẹ́nu rẹ̀. Ìyá mi ni ìyàwó kejì, ó kúrú, ó ní ariwo, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni mo ti jogún ẹnu tí mo ní yìí. Ìyá Àgbà, ìyá tó bí bàbá mi, ló ń gbé yàrá tó kọjú sí ẹnu ọ̀nà, kí ẹnikẹ́ni má baà wọlé tàbí kó jáde láìkí òun. Múfú, ọmọ ìyálé, fi oṣù díẹ̀ jù mí lọ. Orí ẹní kan náà la ń sùn, abọ́ kan náà la ti ń jẹun, bí wọ́n bá sì na ọ̀kan, èkejì ti ń sunkún sílẹ̀. Ariwo tó máa ń jí wa láàárọ̀, bí mo bá dijú báyìí mo ṣì ń gbọ́ ọ. Ìyá mi á máa sẹ́ ògì, omi á máa ro tóó, tóó, láti inú asẹ́ sínú ìkòkò, òun náà á máa bá ara rẹ̀ sọ̀rọ̀ bíi pé ògì ń dá a lóhùn. Ní apá kejì àgbàlá, Ìyá Múfú á máa bó ẹ̀wà nínú omi, ọwọ́ rẹ̀ á máa ha á mọ́ra, fọ̀ọ̀, fọ̀ọ̀, láìsọ nǹkan kan. Rédíò bàbá mi á kọ́kọ́ wúkọ́ kó tó sọ̀rọ̀. Tẹ̀sùbáà Ìyá Àgbà á máa dún kọ́, kọ́, kọ́. Ẹ̀kọ ni ìyá mi ń tà, ọ̀lẹ̀lẹ̀ ni Ìyá Múfú ń tà, orí tábìlì kan náà ni wọ́n sì ń gbé e sí níwájú ilé. Bí o bá ra ẹ̀kọ lọ́wọ́ ìyá mi, kí o tó la ẹnu béèrè, Ìyá Múfú ti gbé ọ̀lẹ̀lẹ̀ lé e lórí. Àwọn awakọ̀ tó ń gbé èrò lọ sí Òṣogbo kì í wulẹ̀ pa ẹ́ńjìnnì tí wọ́n bá dúró rà á.

Ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ọdún tí mò ń wí yìí ni àbúrò mi obìnrin, Sìdí, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ọ̀rọ̀ sọ, jẹ ọ̀lẹ̀lẹ̀ Ìyá Múfú ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan. Kí ilẹ̀ tó mọ́, ó ti bì, ó ti yàgbẹ́, títí ojú rẹ̀ fi wọnú. Wọ́n gbé e lọ sí ọsibítù, Ọlọ́run sì bá wa ṣe é, ara rẹ̀ yá. Nọ́ọ̀sì ní bóyá omi ni, bóyá máńgòrò tí kò pọ́n ni, nítorí pé ìgbà máńgòrò ni, Sìdí sì jẹ́ ọmọ tí í jẹ ohunkóhun tó bá jábọ́ sílẹ̀. Kò sí ẹni tó sọ pé Ìyá Múfú fi nǹkan sí oúnjẹ. N óò tún un sọ: kò sí ẹni tó fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́. Ṣùgbọ́n ní ilé olórogún, ohun tí ẹnikẹ́ni kò sọ ló máa ń pariwo jù. Ní ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni ìyá mi gbé ẹ̀kọ rẹ̀ kúrò lórí tábìlì, ó gbé e sọdá sí abẹ́ igi ọ̀dán ní òdìkejì ọ̀nà. Ó ní ibẹ̀ ni òjìji wà. Àwọn oníbàárà kì í ṣe ọmọdé. Wọ́n á ra ẹ̀kọ lọ́hùn-ún, wọ́n á wo ọ̀lẹ̀lẹ̀ níhìn-ín, wọ́n á kí Ìyá Múfú kíkí tó gùn, wọ́n á sì bá tiwọn lọ. Láràárọ̀ náà ló ń sè é, láràárọ̀ náà ló ń gbé púpọ̀ nínú rẹ̀ padà wọlé. Ìkíni òun àti ìyá mi wá gbẹ bí ewé ẹ̀ẹ̀rùn. "Ẹ káàárọ̀ o, ìyálé mi." "Káàárọ̀, ìyàwó." Ó tán nìyẹn, títí di ọjọ́ kejì.

Èmi àti Múfú wà lẹ́yìn ògiri ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, à ń nu ewé eéran tí wọ́n máa fi di ọ̀lẹ̀lẹ̀, nígbà tí a gbọ́ ohùn ìyá rẹ̀ nínú yàrá bàbá wa. Kò pariwo, ìyẹn ló sì jẹ́ kí a dákẹ́ gbọ́. "Bàbá Múfú, bí ọmọ kan bá tún bì nínú ilé yìí, kí ẹnikẹ́ni tó wí, n óò ti di ẹrù mi. Ìfọ́n ò jìnnà." Bàbá wa ní, "Ta ló ní kí o lọ?" Ó ní, "Kò sẹ́ni tó ní kí n lọ. Kò sì sẹ́ni tó ní kí n jókòó." Bàbá mi lè fi ọkọ́ kan ṣoṣo kọ ebè dé ibi tí ojú kò tó, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ obìnrin méjì ga jù ú lọ. Ó wúkọ́, ó sì tan rédíò. Mo wo Múfú. Ó ń nu ewé kan náà tó ti nù tán, ó ń nù ún, ó ń nù ún títí ó fi ya.

Ìgbà yẹn náà ni àwọn ilé ẹ̀kọ́ ìlú wa fẹ́ sáré ìje. A ó gbéra láti pápá ilé ẹ̀kọ́ wa láàárọ̀, a ó gba ojú títì lọ dé oríta kan ní Ìfọ́n, a ó yí padà. Ẹni tó bá ṣe ipò kìn-ín-ní ni wọn yóò mú lọ sí Òṣogbo láti lọ bá àwọn ọmọ ìlú mìíràn sáré. N kò ní fi ìrẹ̀lẹ̀ ba ọ̀rọ̀ jẹ́: èmi ni gbogbo èèyàn mọ̀ pé yóò gbà á. Bí mo bá ń sáré nígbà náà, àwọn ewúrẹ́ ń yà fún mi. Ẹnì kan ṣoṣo tó lè sún mọ́ mi ni Múfú, òun náà kò sì lè sún mọ́ mi púpọ̀. Ilé wa wá di ilé ìpàdé lórí ohun tí àwa méjèèjì gbọ́dọ̀ jẹ kí a tó sáré. Bàbá mi ní iyán ni. Ó ní, "Ẹṣin tí kò bá jẹ koríko, ibo ló fẹ́ sá dé?" Ìyá Àgbà wò ó láti òkè dé ilẹ̀. "Iyán kẹ̀? Ìwọ tí o máa ń jẹ iyán, bí o bá jẹ ẹ́ tán, ibo lo máa ń sáré lọ? Ṣebí orí ẹní ni." Gbogbo ilé rẹ́rìn-ín, kódà Ìyá Múfú fi ìborùn bo ẹnu. Ìyá Àgbà ní ẹ̀kọ ni, pé ẹni tó bá ti gba ààwẹ̀ dáadáa mọ̀ pé kì í ṣe ohun tó wúwo jù tí a jẹ ní sààrì ló ń gbé ni dé ìrọ̀lẹ́. Bàbá mi ní ẹ̀kọ kò ní egungun. Ìyá Àgbà ní, "Ṣé egungun lo fẹ́ kí wọ́n fi sáré ni, àbí ẹsẹ̀?" Ó ku tíṣà wa, onígbàgbọ́ kan tó ń ti Ẹ̀rìn wá, tó máa ń fún táì mọ́ ọrùn bí ẹni tí wọ́n fẹ́ so mọ́lẹ̀. Ó ránṣẹ́ sílé pé kí ẹnikẹ́ni má fún wa ní nǹkan kan, pé gúlúkóòsì ni òun fúnra òun máa bù sí wa lọ́wọ́. Ìyá Àgbà béèrè bí ó ṣe rí. A ní ìyẹ̀fun funfun ni. Ó ní, "Ẹ̀fọn ni wọ́n fẹ́ pa ni?"

Ní ìrọ̀lẹ́ tó ṣáájú eré náà, ìyá mi pè mí sí ẹ̀yìnkùlé níbi tí a ń da eérú sí. Kì í ṣe ohùn ariwo rẹ̀ ló fi bá mi sọ̀rọ̀, ẹ̀rù sì bà mí nítorí ìyẹn. "Ràṣídì, lọ́la, ohun tí ọwọ́ mi bá fún ọ nìkan ni kí o jẹ. Ṣé o gbọ́?" Mo ní, "Tí Bàbá bá fún mi ní nǹkan ńkọ́?" "Bàbá rẹ kò mọ oúnjẹ sè." "Tí ẹlòmíràn bá—" "Ṣé o gbọ́ mi?" Mo ní, "Mo gbọ́, Màámi." Ó fi ọwọ́ pa mí lórí, ọwọ́ tó ń rùn bí ògì kíkan. N kò dá a lẹ́bi nígbà náà, n kò sì dá a lẹ́bi lónìí. Ẹni tó ti gbé ọmọ tí ojú rẹ̀ ti wọnú pọ̀n lọ sí ọsibítù kì í sùn dáadáa mọ́.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ó ro ẹ̀kọ gbígbóná fún mi. Ìfẹ́ ìyá mi kò ní ìwọ̀n rí. Abọ́ tí a fi ń fọ aṣọ Sìdí kéré sí èyí tó gbé síwájú mi. Mo mu ún, ó tún bù sí i. Mo mu ún, ó fi ìgbákọ ha ìdí ìkòkò sí i fún mi. Ikùn mi le bí awọ ìlù tí wọ́n kàn. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ń fọ ẹnu ni Ìyá Múfú jáde láti ilé ìdáná. Gbogbo wa ló wà ní àgbàlá: bàbá mi lórí àga rẹ̀, Ìyá Àgbà lórí ẹní ìkírun rẹ̀, àwọn aládùúgbò tí wọ́n wá sìn wá dé pápá. Abọ́ méjì ló gbé dání. Ó gbé ọ̀kan síwájú Múfú, ó gbé èkejì síwájú mi, ó ṣí i. Ọ̀lẹ̀lẹ̀ ni. Kì í ṣe èyí tó ń tà o. Irú tí a ń pè ní ẹlẹ́mìí méje ni, ẹyin wà nínú rẹ̀, ẹja wà nínú rẹ̀, ó ń gbóná, òórùn rẹ̀ gba àgbàlá kan. "Ràṣídì, ọmọ mi," ó ní, "jẹ, kí o lókun. Kí ẹ̀yin méjèèjì lọ rere, kí ẹ bọ̀ rere." Ọ̀rọ̀ tó tíì gùn jù tí mo gbọ́ lẹ́nu rẹ̀ láti ìgbà àìsàn Sìdí nìyẹn.

Tẹ̀sùbáà Ìyá Àgbà dákẹ́. Ìyá mi dúró pẹ̀lú ìgbákọ lọ́wọ́, ojú rẹ̀ kò kúrò lára mi. Bàbá mi ń wo rédíò tí kò tíì tàn. Ẹni tí kò bá gbé irú ilé bẹ́ẹ̀ rí lè sọ pé, ṣebí kí ọmọ náà ní òun ti yó? Òtítọ́ sì ni, mo ti yó. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ lásán ni ìyẹn ní ilé ẹlòmíràn. Ní ilé wa, láàárọ̀ ọjọ́ náà, lójú àwọn aládùúgbò tí wọ́n ń dibọ́n bí ẹni tó ń wo ewúrẹ́, bí mo bá ní n kò jẹ, ẹjọ́ ni mo dá, mo sì dá a fún obìnrin náà lẹ́bi. Bí mo bá jẹ ẹ́, mo ti rú òfin ìyá mi lójú rẹ̀. Ọmọdé ni mí, ṣùgbọ́n n kì í ṣe ọmọdé tí orí rẹ̀ ń sùn. Mo jókòó. Mo ṣí ewé. Mo jẹ ọ̀lẹ̀lẹ̀ náà, mo jẹ ẹyin, mo jẹ ẹja, mo pọ́n ewé lá níṣojú gbogbo wọn, mo sì ní, "Ẹ ṣé o, Ìyá." Ìyá Múfú gba abọ́. Ìyá Àgbà ló sọ̀rọ̀: "Ó tó. Ẹ máa lọ." Nígbà tí mo dọ̀bálẹ̀ fún un, ó fi orúkọ oríkì mi pè mí, ó ní, "Àkànní, rọra o."

Bí a ṣe dé pápá, tíṣà da gúlúkóòsì sí wa lọ́wọ́, èwo ni kí n tún kọ̀ nínú àgbà? Mo lá ìyẹn náà. Wọ́n fọn fèrè, a gbéra. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tàn yín jẹ, èmi ni mo kọ́kọ́ yọ síwájú. Mo fi gbogbo wọn sílẹ̀ sínú eruku, àwọn èèyàn lẹ́bàá ọ̀nà ń pariwo orúkọ mi. Ṣùgbọ́n a kò tíì kúrò nínú ilé Ìlobù tán tí ẹ̀kọ náà ti bẹ̀rẹ̀ sí í rọ́ gbọ̀n-ún, gbọ̀n-ún, nínú mi bí omi nínú kèrègbè, ọ̀lẹ̀lẹ̀ sì jókòó lé e lórí bí ìyálé. Itọ́ tútù kún ẹnu mi. Èébì ń gbé mi. Mo dẹ eré díẹ̀, mo fi ọwọ́ di ikùn mú, ibẹ̀ ni Múfú ti lé mi bá. Inú rẹ̀ kọ́kọ́ dùn pé òun bá mi, mo rí i lójú rẹ̀. Lẹ́yìn náà ló rí tèmi.

"Kí ló ṣe ọ́?"

"Inú mi ń rú."

Ó sáré díẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. "Ràṣídì, má bì o."

"Ta ló fẹ́ bì?"

"Jọ̀ọ́. Bí o bá bì, wọ́n á ní ìyá mi ni. Ìyá mi á lọ."

"Mo mọ̀."

"Rọra sáré, kó lè jókòó."

Mo ní, "Ìwọ máa lọ ní tìrẹ. Bí mo bá ti dúró, ìwọ lo máa gbà á. Òṣogbo ńkọ́?"

Ó ní, "Òṣogbo kì í ṣe ìyá mi."

Bẹ́ẹ̀ ni ó dín eré rẹ̀ kù sí tèmi. Mo ti bá àwọn èèyàn pọ̀ ṣòwò láti ìgbà náà, mo ti bá ọlọ́lá jẹun, n kò tíì gbọ́ ọ̀rọ̀ tó tó ìyẹn lẹ́nu àgbàlagbà. Àwọn tí mo ti fi sílẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í kọjá wa lọ́kọ̀ọ̀kan, tí wọ́n ń wò wá bí ẹni tó rí ẹyẹ tó ń fẹsẹ̀ rìn. Ọmọ ilé ẹ̀kọ́ mìíràn kan, ẹlẹ́sẹ̀ tínrín, yí ojú padà, ó ní, "Ẹ̀yin méjì yìí, ṣé àna lẹ ń lọ kí ni?" Ní ọjọ́ mìíràn, mo mọ ohun tí mo máa fi dá a lóhùn, mo sì mọ ibi tí ẹ̀ṣẹ́ mi á bà á. Ọjọ́ náà, n kò gbọdọ̀ la ẹnu. Mo fi ètè pa ètè, mo ń fi imú mí, mo ń ka ìgbésẹ̀ Múfú dípò tèmi.

Àwọn ará Ìfọ́n ti tò sí oríta. Ẹni tó wà níwájú wọn ni ẹ̀gbọ́n Ìyá Múfú, ẹni tí gbogbo wa ń pè ní Bùọ̀dá Alápatà, ọkùnrin tí ohùn rẹ̀ máa ń dé ibi kí òun fúnra rẹ̀ tó dé. "Àwọn ọmọ wa rèé! Àwọn ọmọ àbúrò mi rèé!" Kò sọ pé Múfú nìkan. Ó ti bu omi sí ife, ó nà án sí mi. Bí mo bá mu omi yẹn, ó tán. Múfú gba ife lọ́wọ́ rẹ̀, ó mu ún, ó gba èkejì, ó tún mu ún, ojú rẹ̀ ń yọ. Ibẹ̀ ni inú mi ti yí lẹ́ẹ̀kan, mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, mo gbé ọwọ́ lé orúnkún. Ariwo dáwọ́ dúró. Ìròyìn ilé wa ti dé Ìfọ́n tipẹ́, kì í ṣe ọ̀nà jíjìn. Mo gbọ́ tí obìnrin kan ní, "Yé, ọmọ ìyàwó kejì kọ́ nìyẹn?" Bùọ̀dá Alápatà sún mọ́ mi, ohùn rẹ̀ wálẹ̀. "Ràṣídì, kí ló ṣe ọ́? Kí lo jẹ?" Ohun tó wà nínú mi gòkè dé ọ̀nà ọ̀fun, ó kan, ó korò. Mo gbé e mì padà. Mo nàró. Mo ní, "Ọ̀lẹ̀lẹ̀ ẹlẹ́mìí méje ni, Bùọ̀dá. Ìyá Múfú ló sè é. Ó dùn débi pé mo ń dúró kó wálẹ̀ dáadáa, kí n má fi eré bà á jẹ́." Ó wò mí. Lójijì ló bú sẹ́rìn-ín, gbogbo oríta bá a rẹ́rìn-ín, ó sì gbá mi lẹ́yìn, èyí tó kù díẹ̀ kó ba gbogbo iṣẹ́ mi jẹ́. "Ọmọ wọbìà! Ẹ máa lọ, ẹ máa lọ!" Ẹnikẹ́ni tó bá rò pé kí èèyàn sáré kó borí nìkan ni ìwà akin, kó gbìyànjú láti dá irú ẹ̀fẹ̀ bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú èébì ní ọ̀nà ọ̀fun.

Bí a ṣe padà sí Ìlobù, ẹ má bi mí. A rìn díẹ̀, a sá díẹ̀, Múfú ń sọ ìtàn àwọn ewúrẹ́ wa fún mi kí ọkàn mi lè kúrò nínú ikùn. Nígbà tí a fi máa dé pápá, wọ́n ti ń gbé ẹlẹ́sẹ̀ tínrín náà léjìká. Àwa méjèèjì fẹsẹ̀ kan náà gba orí ilà, àwọn tó wà lẹ́yìn wa kò pọ̀. Tíṣà tú táì rẹ̀. Ó ní, "Ràṣídì, o já mi kulẹ̀." Mo ní, "Ẹ má bínú, sà." Òun kò mọ irú eré tí mo sá. Àwọn tó bá mi sáré kò mọ̀ ọ́n. Wọ́n mú ẹlẹ́sẹ̀ tínrín lọ sí Òṣogbo, mo gbọ́ pé kò gba nǹkan kan bọ̀, kò sì yà mí lẹ́nu.

Ọ̀rọ̀ ti ṣáájú wa délé. Awakọ̀ kan tó ti Ìfọ́n bọ̀ ló ti sọ ọ́ bó ṣe ń kọjá: ó ní òun rí ọmọ Ìyá Ràṣídì tó di ikùn mú tó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ ní oríta. Ibi tó sọ ọ́ mọ nìyẹn, ó wa ọkọ̀ rẹ̀ lọ. A bá ìyá mi láàárín títì, kò wọ bàtà. Ìyá Múfú wà nídìí tábìlì rẹ̀, ọ̀lẹ̀lẹ̀ tó sè láàárọ̀ kún ibẹ̀ bámúbámú, ẹnì kan kò rà á. Ó ti tú gèlè rẹ̀, ó ti fi gbàdí bí ẹni tó fẹ́ gbé ẹrù. Bàbá mi dúró láàárín àwọn méjèèjì, ó sì jọ pé kò mọ èyí tó yẹ kó kọjú sí. Ìyá mi gbá mi ní àgbọ̀n mú. Ó gbóòórùn ẹnu mi. Ó wo iwájú síńgílẹ́ẹ̀tì mi, ó yí mi, ó wo ẹ̀yìn rẹ̀. "Ṣé o bì?"

"Rárá, Màámi."

"Má parọ́ fún mi. Wọ́n ní o bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀."

Múfú ní, "Kò bì, Ìyá. Mo fi Ọlọ́run búra, mo wà pẹ̀lú rẹ̀ lọ bọ̀."

"Ṣé inú ń run ọ́ ni?"

Gbogbo àdúgbò ló ń gbọ́. Mo wo Ìyá Múfú lẹ́yìn rẹ̀, tí kò mí. Mo ní, "Inú mi kò run mí. Ó kún ni. Ẹ̀kọ yín ló pọ̀ jù, Màámi."

Ariwo ẹ̀rín tí Ìyá Àgbà pa láti ẹnu ọ̀nà rẹ̀, àwọn adìyẹ fò. "Ẹ gbọ́? Ẹ̀kọ ni! Mo rí i tó ń ha ìdí ìkòkò fún ọmọ!" Àwọn aládùúgbò gbà á bẹ́ẹ̀, ẹ̀rín gba ojú títì. Òtítọ́ sì ni, nítorí ẹ̀kọ ìyá mi lọ́jọ́ náà ì bá dá ẹṣin dúró. Ìyá mi kò rẹ́rìn-ín. Ó fi mí sílẹ̀, ó wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, ó wá rìn lọ sídìí tábìlì ìyálé rẹ̀, ibi tí kò dé láti ìgbà tí Sìdí ti ṣàìsàn. Ó mú ọ̀lẹ̀lẹ̀ kan, ó ṣí ewé rẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ ẹ́ lórí ìdúró. Ó jẹ ẹ́ díẹ̀díẹ̀, ó ń jẹ ẹ́ lọ, títí tí kò fi ku nǹkan kan lórí ewé. Ìyá Múfú ń wò ó. Omi ti kún ojú obìnrin náà, ṣùgbọ́n kò jẹ́ kó já bọ́.

Ìyá mi fi ewé nu ọwọ́. Ó ní, "Ìyálé mi, ata yín kò tó lónìí."

Ìyá Múfú wò ó títí. "Ata tó," ó ní. "Ẹ̀kọ ni kò sí níbẹ̀."

Ìyá mi yíjú sí òdìkejì ọ̀nà, ohùn ariwo rẹ̀ sì padà dé lẹ́ẹ̀kan náà. "Ràṣídì! Múfú! Kí lẹ ń wò? Ẹ lọ gbé igbá ẹ̀kọ yẹn wá síbí!" A sáré lọ. Ó wúwo, inú mi ṣì kún dé ọrùn, ṣùgbọ́n mo di apá kan mú, Múfú di apá kejì mú, a gbé e sọdá títì, àwọn ọkọ̀ Òṣogbo sì dúró fún wa.